Ẹlẹ́rù Ló Ń Gbé Ibi Tó Wúwo: Bí Sàró Ṣe Ń Tún Àlàáfíà Kọ́ Lẹ́yìn Ogun

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, wọ́n kó ìbọn jọ ní Lungi, nítòsí pápákọ̀ òfurufú orílẹ̀-èdè Sàró, ìyẹn Sierra Leone, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ibẹ̀ ni Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah ti kéde pé ogun ti parí. Láti oṣù Kẹta ọdún 1991 ni wọ́n ti ń jà á. Nǹkan bí 50,000 èèyàn ni wọ́n fojú bù pé ó bá a lọ, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù méjì sá fi ilé wọn sílẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì gé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ gé wọn lẹ́sẹ̀.

Ìbọn jóná, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ti fi ìbọn lé lọ́wọ́ láti kékeré kò mọ iṣẹ́ kankan ṣe. Opó ń bá ẹni tó pa ọkọ rẹ̀ pọnmi nínú odò kan náà. Ọ̀nà tó lọ sí ìlà-oòrùn ti bàjẹ́, ilé ìwé ti jóná, kò sì sí owó lápò ìjọba. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní owó, wọ́n sì fẹ́ ṣèrànwọ́. Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ náà ní bí a ṣe ń ṣe é. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́rù ló ń gbé e níbi tó ti wúwo. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyí: bí àwọn ará òde ṣe lè fi ìdàgbàsókè ti àlàáfíà lẹ́yìn, kí àlàáfíà náà sì jẹ́ ti onílé. Mo mú Sàró nítorí pé ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè méjì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ́kọ́ dán ọ̀nà yìí wò, àṣeyọrí ibẹ̀ hàn, àléébù rẹ̀ náà sì hàn.

Ọ̀rọ̀ Sàró kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì fún wa. Freetown ni wọ́n sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní ọdún 1822 nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá mìíràn. Àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, wọ́n sì ń gbé egúngún. Nígbà tí ogun dé, ọmọ ogun Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun ECOMOG láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ gbèjà Sàró, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà wálé. Lomé, ní Tógò, ni ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àlàáfíà ní oṣù Keje ọdún 1999.

OHUN TÓ BÍ OGUN

Kí a tó mọ oògùn, a ní láti mọ àìsàn. Lójú ọ̀pọ̀ ará òde, dáyámọ́ǹdì ló fa ogun Sàró. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Sàró fúnra wọn gbé Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà kalẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Humper ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ogun ṣe lọ́ṣẹ́ àti àwọn tó ja ogun náà. Nínú ìwé ìjábọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2004, wọ́n sọ pé dáyámọ́ǹdì bọ́ ogun náà ni, pé ìṣèjọba burúkú, ìwà ìbàjẹ́ àti ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ọ̀dọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀.

Ẹ wo agbègbè Kailahun ní ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ kòkó àti kọfí ni. Ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Pendembu ní agbègbè yẹn látìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn, òun ló ń kó irè oko lọ sí Freetown. Ìjọba Ààrẹ Siaka Stevens pa ọkọ̀ ojú irin náà tì ní àárín ọdún 1970 sí 1979. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 1972, ìjọba kan náà ti tú àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ká, gbogbo àṣẹ àti gbogbo owó wá ń gbé Freetown. Lábúlé, ọba lè bu owó ìtanràn tí apá kò ká lé ọ̀dọ́ lórí, kó sì fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ dá a lóró. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sá kúrò nílé, ibi ìwakùsà ni wọ́n gbà lọ. Àwọn yẹn ni RUF bá pàdé. Bomaru, ní Kailahun yìí kan náà, ni ìbọn àkọ́kọ́ ti dún nígbà tí wọ́n wọlé láti Làìbéríà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Bó bá jẹ́ pé báyìí ni ogun ṣe bẹ̀rẹ̀, ó hàn pé ọmọ ogun nìkan kò lè parí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Sàró tó nǹkan bí 17,500 nígbà kan. Wọ́n ran ìjọba lọ́wọ́ láti gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn jagunjagun tó lé ní 70,000. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, a sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ẹrù wọn ní ọdún 2005. Ọ̀nà tó bàjẹ́, ìdájọ́ tí kò tọ́ àti àìríṣẹ́ṣe ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn wọn.

TA LÓ KỌ ÈTÒ NÁÀ?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ìmúdúró àlàáfíà ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ogun. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà, Sàró àti Bùrúńdì sì ni orílẹ̀-èdè méjì àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ náà gbà tọ́jú. Ní ọdún 2007, wọ́n ya mílíọ̀nù 35 dọ́là sọ́tọ̀ fún Sàró láti inú àpò náà.

Bí wọ́n ṣe ná owó náà ló yẹ kí a kíyè sí. Wọn kò kó o fún ìjọba kó máa ná an bó ṣe wù ú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jókòó sí New York kí wọ́n máa pín in láti ibẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan wà ní Freetown tí aṣojú ìjọba àti aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ ń ṣe alága rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ yìí kò bá fọwọ́ sí kò ní rí owó gbà. Ìjọba àti ìgbìmọ̀ ìmúdúró àlàáfíà tó wà ní New York tún jọ fẹnu kò lórí ohun tó jẹ wọ́n lógún: iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, ìdájọ́ àti ètò ààbò, ìjọba tiwa-n-tiwa, àtúnṣe iṣẹ́ ọba, àti iná mànàmáná.

Síbẹ̀ kùdìẹ̀-kudiẹ kan fara hàn. Ìjọba ní ìwé ètò ìdàgbàsókè tirẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ti àlàáfíà lọ́tọ̀, Báńkì Àgbáyé ní tirẹ̀, ìjọba Ìlú Ọba náà ní tirẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ ètò ìṣúná ní Freetown. Olùrànwọ́ kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó ní ọjọ́ tó fẹ́ gba ìjábọ̀, ó sì ní àwọn aṣojú tó ń rán wá bẹ ibi iṣẹ́ wò. Kí ọ̀gá yìí tó gba gbogbo wọn lálejò tán, oṣù ti lọ, iṣẹ́ ìlú ṣì wà lórí tábìlì. Èyí tó tún burú ni pé àwọn olùrànwọ́ ń ṣí ọ́fíìsì tiwọn, wọ́n ń san owó oṣù tí ìjọba kò lè san, àwọn òṣìṣẹ́ ọba tó mọṣẹ́ jù lọ sì ń bá wọn lọ. Báyìí ni ìrànwọ́ ṣe lè sọ ìjọba tó fẹ́ gbé dìde di aláìlágbára.

Ọdún 2009 ni ìyípadà dé. Ìjọba Ààrẹ Ernest Bai Koroma ti kọ ètò kan tí wọ́n pè ní Agenda for Change. Iná mànàmáná, iṣẹ́ àgbẹ̀, ọ̀nà, ìlera àti ẹ̀kọ́ ló gbájú mọ́. Ìgbìmọ̀ New York gbà pé ètò ìjọba yìí ni kí gbogbo wọn máa tẹ̀ lé, àwọn ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó wà ní Freetown sì pa ètò tiwọn pọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Sàró nìkan kọ́ ló ń jà pé kí onílé kọ ètò tirẹ̀. Ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó dá ẹgbẹ́ g7+ sílẹ̀ ní Dili, ní Timor-Leste, ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ogun ti fọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Ní Busan, ní Gúúsù Kòríà, ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ yìí jẹ́ kí àwọn olówó ayé fọwọ́ sí àdéhùn tuntun: orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò yẹ ara rẹ̀ wò, òun ni yóò kọ ètò kan ṣoṣo, àwọn olùrànwọ́ yóò sì ti ètò náà lẹ́yìn. Àfojúsùn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: ìṣèlú tí ará ìlú fọkàn tán, ààbò, ìdájọ́, ọrọ̀ ajé, àti owó tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń pa wọlé láti fi ṣiṣẹ́ ìlú.

OWÓ DÉ ABÚLÉ

Ètò lórí ìwé kò ní ìtumọ̀ bí kò bá dé ọ̀dọ̀ aráàlú. Ọ̀kan nínú èyí tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni èyí tí ẹ̀ka ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìyẹn UNDP, àti àwọn ọlọ́pàá Sàró jọ ṣe, tí wọ́n pè ní Arms for Development. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gba ohun ìjà, ẹni tó bá mú ìbọn wá ló ń gba owó ìrànwọ́. Ó dùn mọ́ jagunjagun, ó sì dun ẹni tó ṣe lọ́ṣẹ́. Ọ̀nà tuntun yìí yàtọ̀. Ọba á pe ìpàdé, wọ́n á sọ fún gbogbo ìlú pé ẹni tó bá ní ìbọn nípamọ́ kó gbé e jáde. Kò sí ẹni tí wọ́n máa sanwó ìbọn fún. Bí ohun ìjà bá ti jáde tán, ọlọ́pàá á wá yẹ ìlú wò, wọ́n á sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí pé ìlú wọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìbọn. Ìgbà yẹn ni owó iṣẹ́ ìdàgbàsókè kan á wọlé fún ìlú náà, àwọn ará ìlú á sì yan iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́, bóyá ilé ìwòsàn, bóyá ọjà, bóyá gbọ̀ngàn ìlú. Ìyá tó fẹ́ kí ilé ìwòsàn wà nítòsí á fúnra rẹ̀ rọ ọmọ rẹ̀ pé kó gbé ìbọn tó rì mọ́lẹ̀ jáde. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó so ìbọn tó kúrò nílé pọ̀ mọ́ ohun tí gbogbo ìlú ń rí lójú.

Ẹlòmíràn gba ìtọ́jú lórúkọ ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ ti ní kí ìjọba tu àwọn tí ogun ṣe lọ́ṣẹ́ nínú: àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́, àwọn tí wọ́n fipá bá lò, àwọn opó ogun. Ọdún ń gorí ọdún, owó kò jáde. Ìgbà tí àpò owó àlàáfíà gbé mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là kalẹ̀ ni àjọ ìjọba Sàró tó ń jẹ́ NaCSA lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó lé ní 30,000 ló forúkọ sílẹ̀. Owó àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn gbà tó nǹkan bí 100 dọ́là. Kò lè dá ọwọ́ tí wọ́n gé padà, kò tilẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ òwò gidi. Síbẹ̀ àjọ ìjọba tiwọn ló pè wọ́n lórúkọ, ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ló sì gbà pé ìjọba jẹ wọ́n ní gbèsè.

Iṣẹ́ ńláńlá náà wà. Ìsédò iná mànàmáná ti Bumbuna, tó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 50, ni wọ́n ti ń kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ogun tó dá a dúró. Owó Ítálì, Báńkì Àgbáyé àti Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà wà lára ohun tó parí rẹ̀ ní ọdún 2009, Freetown tó ti pẹ́ nínú òkùnkùn sì rí iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ ń dínkù gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2010, ọjọ́ àyájọ́ òmìnira wọn, ìjọba kéde ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún aboyún, abiyamọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìlú Ọba bá wọn gbé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ṣùgbọ́n ìjọba Sàró ló sọ ọ́ di ìlérí tirẹ̀, òun sì ni aráàlú ń bi léèrè.

Nípa ti dáyámọ́ǹdì, láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ṣètò pé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí tí ìjọba ń gbà lórí dáyámọ́ǹdì tó ń jáde nílùú yóò padà sí àwọn agbègbè tí wọ́n ti wà á. Gbogbo ayé rí irú èrò yìí ní ọdún 2017, nígbà tí pásítọ̀ kan ní agbègbè Kono, Emmanuel Momoh, gbé dáyámọ́ǹdì 709 káràtì fún ìjọba dípò kó tà á ní kọ̀rọ̀. Wọ́n tà á ní New York ní nǹkan bí mílíọ̀nù 6.5 dọ́là, wọ́n sì ya apá kan owó náà sọ́tọ̀ fún ìdàgbàsókè abúlé tí wọ́n ti rí i. Ohun tí wọ́n fi ra ìbọn láyé ogun kò lè ṣe àlàáfíà láǹfààní àyàfi bí ẹni tó ń gbé lórí rẹ̀ bá rí omi àti ọ̀nà nínú rẹ̀.

INÁ TÍ WỌ́N DÁ LÁLẸ́

Ìjọba lè kọ́ ilé ìwòsàn, kò lè pàṣẹ pé kí èèyàn dárí jini. Iṣẹ́ ìlàjà yìí ni ọmọ Sàró kan, John Caulker, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáwọ́ lé ní ọdún 2007 pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní Fambul Tok. Kailahun, níbi tí ogun ti wọlé, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ lo oṣù púpọ̀ lábúlé, wọ́n á máa béèrè bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń parí ìjà. Ará abúlé á yan ìgbìmọ̀ tiwọn. Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á dáná ńlá lálẹ́, gbogbo ìlú á sì yí i ká. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ẹni tó ṣẹ̀ á jáde síwájú, á jẹ́wọ́, á tọrọ àforíjì níṣojú gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á ṣe ètùtù fún àwọn alálẹ̀, wọ́n á sì jọ jẹun.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá oko àjùmọ̀ro. Ẹni tó jẹ́wọ́ lálẹ́ ìjẹta á mú ọkọ́, á bá ẹni tí òun ṣẹ̀ ro ilẹ̀ kan náà. Àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ Ìyá Àlàáfíà sílẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń ṣòwò pọ̀. Àjọ kan láti Amẹ́ríkà, Catalyst for Peace, ló gbé owó sílẹ̀, àwọn ọmọ Sàró ló sì pinnu bí iṣẹ́ ṣe lọ. Nígbà tó yá, ìjọba fúnra rẹ̀ gba ẹ̀kọ́ yìí wọlé, ó bá wọn kọ ìlànà tí a fi ń jẹ́ kí ará abúlé gbé ètò ìdàgbàsókè wọn kalẹ̀ kí ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ti dá padà lẹ́yìn ogun, tó ṣe tirẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ÌDÁNWÒ DÉ

Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú APC àti ti SLPP kọlu ara wọn ní Freetown, ẹ̀rù sì ba gbogbo ìlú. Aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe ẹgbẹ́ méjèèjì jókòó, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló kọ ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin. Lẹ́yìn rẹ̀, àpò owó àlàáfíà ti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àti ti àwọn obìnrin láti inú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn, kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kó tó di ìjà.

Ikọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó kẹ́yìn kúrò ní oṣù Kẹta ọdún 2014. Kò tó oṣù mẹ́ta, Ebola wọlé. Èèyàn tó lé ní 14,000 ló kó o, 3,956 sì kú. Àwọn ará òde tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ní oògùn àti aṣọ ààbò, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àjèjì ń gbé òkú lọ láìsí àdúrà, àwọn èèyàn ń fi òkú wọn pamọ́. Ìgbà tí àwọn ọba ṣe òfin ìlú lórí àlejò àti ìsìnkú, tí àwọn àlùfáà àti àwọn ààfáà dá sí i pé kí wọ́n sin òkú pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ni ìrànwọ́ òde tó rí ẹsẹ̀ tẹ̀. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù ni ti ọdún 2023. Ìbò oṣù Kẹfà dá àríyànjiyàn sílẹ̀, ẹgbẹ́ alátakò APC sì kọ̀ láti wọ ilé aṣòfin. Ní oṣù Kẹwàá, àjọ Commonwealth, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà àti ECOWAS bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà, àjọ tí Sàró fúnra rẹ̀ fi òfin dá sílẹ̀ fún àlàáfíà àti ìṣọ̀kan náà sì wà nídìí rẹ̀, ìjọba àti APC sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn.

GBÈSÈ TÓ ṢÌ WÀ NÍLẸ̀

Èmi kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ìwọ́de lórí ọ̀wọ́n gógó ọjà di ìjà, èèyàn tó lé ní 20 ló kú, ọlọ́pàá wà lára wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Julius Maada Bio kéde ọ̀rọ̀ oògùn olóró kush gẹ́gẹ́ bí ìṣòro pàjáwìrì nítorí bó ṣe ń pa àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọ̀dọ́ aláìríṣẹ́ tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ kìlọ̀ nípa wọn ní ọdún 2004, àwọn àbúrò wọn ló wà ní ìgboro lónìí. Àwọn olùrànwọ́ kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́, wọ́n kọ́ wọn ní téélọ̀ àti káfíńtà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kò wúlò níbi tí kò bá sí ẹni tí yóò rà á.

Nítorí náà, olùrànwọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Báńkì Àgbáyé sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ti ọdún 2011 pé àwọn orílẹ̀-èdè tó tètè ṣàṣeyọrí jù lọ pàápàá lo ọdún 15 sí 30 kí iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó dúró. Owó tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún ọdún méjì péré kò lè ṣe iṣẹ́ ìran kan. Kí wọ́n gba inú àpò ìjọba kọjá níbi tí ìṣirò bá ti péye, kí wọ́n ti àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ lẹ́yìn níbi tí kò bá péye, kí wọ́n sì jẹ́ kí ará abúlé jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín owó. Ìjọba Sàró náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kó gba owó orí àti owó kùsà tó tọ́, kó sì ná an sí Kailahun àti Kono gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ná an sí Freetown. Ọjọ́ tí ìyá kan ní Pendembu bá lè béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ rẹ̀ ibi tí owó ọ̀nà wọlé sí, tó sì rí ìdáhùn gbà, ìrànwọ́ àwọn ará òde ti ṣe iṣẹ́ tí ọmọ ogun 17,500 kò lè ṣe.